Ẹ̀jẹ̀ tí ọkọ fi sílẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń fà sí ìyàwó lára

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni bàbá kan wá dúró níwájú fèrèsé láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú. Káàdì kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà sì ń gbọ̀n. Òru tó ṣáájú ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára obìnrin náà, nọ́ọ̀sì sì ní kí ọkọ wá fi páìntì kan sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó padà sí wọ́ọ̀dù, ó gbójú sókè wo báàgì tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀, ohun tó rí níbẹ̀ ló gbé e wá.

"Ántí, B ni ẹ kọ sórí káàdì mi. O ni mo rí lórí báàgì ìyàwó mi. Ẹ̀jẹ̀ mi dà? Ta lẹ tà á fún?"

N kò bá a bínú. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́, àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí ni kì í ráyè dáhùn rẹ̀. Pépà la máa ń nà séèyàn, "ẹ lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀", a ó sì ti kọjú sí ẹlòmíràn. Mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ níbí ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fún òun àti fún ẹnikẹ́ni tí irú pépà bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ní Ìgbógbó, Ìjẹ̀dẹ̀ tàbí Ìmọ̀tà.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú fíríìjì wa nígbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀ yẹn. Bí èsúsú lọ̀rọ̀ náà rí. Owó tí ẹ dá lọ́sẹ̀ yìí gan-an kọ́ ni wọn yóò kó lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá kàn yín. Inú àpò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀, ẹni tó kàn ló ń kó o. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ẹnì kan tí kò mọ̀ rí ló ti fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ bíi mélòó kan ṣáájú. Tọkọ wá rọ́pò èyí tó jáde, kí ẹni tí wọn yóò gbé dé lóru má bàa bá fíríìjì lófo.

Ó tún bi mí pé kí ló dé tí a kò kúkú gbé tòun fún ìyàwó òun tààrà. Ìdí mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára èèyàn kò tíì ṣeé lò. A gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò HIV, fún àrùn ẹ̀dọ̀ hẹpatáítì B àti hẹpatáítì C, àti fún sífílíìsì, aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò sì lè dúró títí iṣẹ́ yẹn yóò fi parí. Ìkejì ni pé ẹ̀jẹ̀ gúrúùpù B kò ṣeé fà sí ẹni tó jẹ́ O lára, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ìkẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbọ́ rí. Bí ọkọ àti ìyàwó bá tiẹ̀ jọ jẹ́ O, a kì í fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ sí ìyàwó tó ṣì ń bímọ lára. A, B àti O kọ́ nìkan ni àmì tó wà lára ẹ̀jẹ̀, àwọn mìíràn pọ̀ níbẹ̀, bí ilà ojú àwọn ará ìjọ́sí ṣe pọ̀ lóríṣiríṣi. Àmì tó wà lára ẹ̀jẹ̀ ọkọ lè má sí lára tìyàwó. Bí ẹ̀jẹ̀ ọkọ bá wọlé, ara obìnrin náà lè mọ àwọn àmì yẹn sí ọ̀tá, kó sì yan ẹ̀ṣọ́ tì wọ́n. Lọ́jọ́ tó bá tún lóyún, ọmọ inú rẹ̀ ti jogún àmì bàbá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn yóò gba inú ibi ọmọ kọjá, wọn yóò sì kọ lu ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà nínú ìyá rẹ̀. Ọkọ tó rò pé òun ń fi ẹ̀jẹ̀ òun gba ìyàwó òun là lè máa ṣèpalára fún ọmọ tí wọn kò tíì bí.

Ọ̀rọ̀ ẹbí náà ní tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ìyá àti ọmọ, ẹ̀jẹ̀ wọn lè jọra débi pé ara aláìsàn kò ní dá hóró funfun, ìyẹn àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tó bá a wọlé mọ̀ pé àlejò ni. Hóró funfun yẹn á wá fìdí múlẹ̀, á sì yíjú padà sí onílé. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kì í sábà yè é. Níbi tí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ rẹ̀, ìtànṣán ni wọ́n fi ń pa hóró funfun náà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ ìbátan síni lára. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ àjèjì ni wọn yóò lò fún ìyá yín, kì í ṣe pé wọ́n kẹ́gàn tiyín.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú láàbù wá wo B àti O tí mo ní mò ń bọ̀ wá bá. Táìlì funfun kan ló wà lórí tábìlì. Mo kán ẹ̀jẹ̀ ẹni náà sójú mẹ́ta lórí rẹ̀. Ìgò kéékèèké mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, oògùn inú ọ̀kan jẹ́ búlúù, ti ìkejì jẹ́ yẹ́lò, ìkẹta kò ní àwọ̀ rárá. Mo kán búlúù sí èkíní, yẹ́lò sí èkejì, aláìláwọ̀ sí ẹ̀kẹta, mo fi igi tín-ín-rín pò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo gbé táìlì náà, mo ń mì ín díẹ̀díẹ̀. Kó tó pẹ́, èyí tí ọ̀rọ̀ kàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kókó, gẹ́gẹ́ bí ògì tí omi rẹ̀ kò hó dáadáa. Èyí tí kò kàn á dúró ní pupa kíki, kò ní yí padà. Bí ti búlúù bá ṣe kókó, A ni ẹni náà. Bí ti yẹ́lò bá ṣe é, B ni. Bí méjèèjì bá ṣe é, AB ni. Bí ìkankan kò bá ṣe é, O ni. Èyí tí kò láwọ̀ ló ń sọ pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn bóyá àmì kan tí wọ́n ń pè ní Rhesus wà lára ẹ̀jẹ̀ náà tàbí kò sí.

Kókó tí ẹ rí lórí táìlì yẹn ni ohun tí à ń sá fún nínú ara èèyàn. Ẹni tó bá jẹ́ O kò ní àmì A, kò ní àmì B, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tó ń dojú kọ méjèèjì wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti kékeré. Ká ní a fa B ti bàbá yẹn sí ìyàwó rẹ̀ lára, àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn ì bá fọ́ hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ náà wẹ́wẹ́, kíndìnrín rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ lè bá a lọ. Karl Landsteiner, dókítà ará Ọ́síríà, ló tú àdììtú yìí ní ìlú Vienna ní 1901, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1930. Kó tó dé, ẹni tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lè yè, ó lè kú, kò sẹ́ni tó mọ ìdí. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 14 oṣù Kẹfà, ni gbogbo ayé fi ń yẹ́ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ sí.

Ti nẹ́gẹ́tíìfù kò wọ́pọ̀ láàárín wa, O+ ló pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kí obìnrin tó bá jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù má fọwọ́ kékeré mú un. Bó bá bí ọmọ tó jẹ́ pọ́sítíìfù, abẹ́rẹ́ kan wà tó yẹ kó gbà láàárín wákàtí 72, kí ara rẹ̀ má bàa yan ẹ̀ṣọ́ tì ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kó gbà á pẹ̀lú bí oyún bá bà jẹ́ lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ táìlì yìí ti fẹ́ tú ilé kan ká lójú mi rí. Ọkọ jẹ́ A, ìyàwó jẹ́ B, ọmọ wọn wá jẹ́ O. Ìyá ọkọ ní ọmọ àlè ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ogún méjì ni èèyàn ń jẹ, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. A lè gbé O pọ̀n sẹ́yìn, B náà lè gbé O pọ̀n sẹ́yìn, kí àwọn méjèèjì sì fi O yẹn lé ọmọ lọ́wọ́. Irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ lè bí ọmọ mẹ́rin, kí ọ̀kan jẹ́ A, ọ̀kan B, ọ̀kan AB, ọ̀kan O, kí gbogbo wọn sì jẹ́ ọmọ bàbá kan, ìyá kan.

Níbí ni mo ti dé orí ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù, ìyẹn gúrúùpù àti jẹ́nótáìpù. Bí mo bá bi ẹnì kan pé kí ni gúrúùpù rẹ̀, á ní "AS ni mí". Rárá o. A tó wà nínú AS àti A ti gúrúùpù dà bí Táíwò ilé yìí àti Táíwò ilé kejì, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, wọn kò bára tan. Gúrúùpù ń sọ àmì tó wà lára hóró pupa. Jẹ́nótáìpù ń sọ irú nǹkan pupa tó wà nínú hóró náà, èyí tó ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara. Nítorí náà ẹnì kan lè jẹ́ O+ kó sì jẹ́ AA, ẹlòmíràn jẹ́ O+ kó jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àìsàn síkù sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí a bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ síni lára, gúrúùpù la ń kọ́kọ́ wò. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fẹ́ra yín, jẹ́nótáìpù ni kí ẹ wò. AS tí ara rẹ̀ le lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, àmọ́ a kì í fẹ́ gbé e fún ọmọ tuntun tàbí ẹni tó jẹ́ SS.

Mo mọ ìyá kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ jẹ́ AS. Ọmọbìnrin wọn tí kò tíì pé ọdún méjì ṣàìsàn, ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìyá gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù níbì kan. Ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ọmọ náà ti gba ẹ̀jẹ̀ rí. AS ni wọ́n kọ fún un. Ìyá náà gbé pépà yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣe ìdúpẹ́, ó sì dẹwọ́ lórí ìtọ́jú ọmọ. Kò ju oṣù bíi mélòó kan lọ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà fi wú, tó ń ké tọ̀sán tòru. SS ni ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ló sì ti wà látìbẹ̀rẹ̀. A tí ẹ̀rọ rí lọ́jọ́ sí, ti ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ni. S ni tọmọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ ka àlejò pọ̀ mọ́ onílé, ó pe gbogbo rẹ̀ ní AS.

Hóró pupa kan kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ lára èèyàn. Ẹ ka oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìfàjẹ̀sínilára kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù, bí wọn kò bá sì bi yín léèrè, ẹ sọ ọ́ fúnra yín. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé ìwà ẹlòmíràn yóò wọ òun lára látinú ẹ̀jẹ̀, kí òun náà fi iye ọjọ́ yẹn sọ́kàn. Kí ó tó oṣù mẹ́rin, àlejò ti lọ tán.

Ẹ̀jẹ̀ ta ni a wá ń gbà, báwo la sì ṣe ń gbà á? Ẹni ọdún 18 sí 65 ni, tí kò fúyẹ́ ju kílò 50 lọ. A ó gún un lábẹ́rẹ́ lórí ìka, a ó kán ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún sínú omi búlúù kan tó wà nínú ife. Bí ẹ̀kán náà bá rì lọ sísàlẹ̀ tààrà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ le tó. Bó bá léfòó, a ó ní kó máa lọ sílé, kó lọ jẹun dáadáa, kó sì lọ rí dókítà. Mo ti rí géńdé ọkùnrin tó ń fa bọ́lọ́ọ̀kù ní Odògùnyàn, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léfòó lórí omi yẹn bí ewé, tí kò mọ̀ pé ara òun kò dá.

Ohun tí à ń gbà kò ju mìlílítà 450 lọ, kò tó omi inú píọ̀ wọ́tà ọ̀ra kan. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà jẹ́ nǹkan bíi lítà márùn-ún, ìdajì báàgì píọ̀ wọ́tà. Nínú ọ̀ra mẹ́wàá, ọ̀kan kò pé jáde. Omi rẹ̀ á padà láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, hóró pupa rẹ̀ á gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ọkùnrin lè tún wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Kò ní gbẹ, kò ní sọ yín di aláìlera, àmọ́ ẹ má wá lórí òfìfo ikùn, ẹ má sì gbé ẹrù tó wúwo lọ́jọ́ náà.

Ẹ dákun, bí a bá bi yín ní ìbéèrè àṣírí, ẹ sọ òótọ́. Àrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara kì í tètè hàn nínú àyẹ̀wò. Àárín ìgbà tó wọlé sí ìgbà tó hàn, òótọ́ ẹnu yín nìkan ló ń dáàbò bo aláìsàn. Ìdí nìyí tí mo fi kórìíra ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù pé kí wọ́n ra ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn. Ẹni tó fẹ́ gba owó kò ní sọ pé òun ṣàìsàn lóṣù tó kọjá, kò sì ní sọ pé òun ti ta páìntì kan ní ìlú mìíràn lọ́sẹ̀ tó lọ. Owó tí ọsibítù ń gbà yàtọ̀ síyẹn. Owó báàgì ni, owó àyẹ̀wò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, owó iná tó ń mú fíríìjì tutù ni. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè kí wọ́n kọ rìsíìtì rẹ̀ fún yín.

Iná yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Hóró pupa gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 6, bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ ó lè lo 35 ọjọ́. Bó bá kúrò nínú òtútù ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, a kò gbọ́dọ̀ dá a padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ wa rí, ó gbé páìntì méjì sínú ọ̀rá dúdú, ó ti fi wọ́n jókòó nínú gósìlóò láti Máìlì 12 nínú oòrùn ọ̀sán. Báàgì náà gbóná bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. N kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bọ́ lójú mi, torí pé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé inú kúlà tí wọ́n gbé áìsì sí ló yẹ kó gbé e wá. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ gbé ẹ̀jẹ̀ wá, ẹ ní kó fún yín ní kúlà.

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Oyún oṣù mẹ́sàn-án, ogun àwítẹ́lẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ wà lára ohun tó ń pa ìyá ọlọ́mọ jù lọ. Bí ọkọ bá fi páìntì kan sílẹ̀ nígbà tí oyún wà ní oṣù keje, tí àbúrò ọkọ náà fi ọ̀kan sílẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò máa sáré láago méjì òru. Àwọn ọmọ tí ibà lé ẹ̀jẹ̀ lára wọn náà kì í fún wa ní àsìkò.

Ó ku wọ́ọ̀dù. Kí wọ́n tó so ẹ̀jẹ̀ mọ́ aláìsàn lára, a ti mú díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pò mọ́ ti inú báàgì ní láàbù láti wò ó bóyá wọn yóò bára wọn gbé. Síbẹ̀, àṣìṣe tó ń pani jù kì í sábà ṣẹlẹ̀ ní láàbù, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti sábà ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀jẹ̀ lágbájá fún tàmẹ̀dù. Ìyá Ìbejì mẹ́ta lè wà nínú wọ́ọ̀dù kan. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá béèrè orúkọ, ẹ sọ orúkọ àbísọ àti orúkọ bàbá, ẹ jẹ́ kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ bó bá lè sọ̀rọ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹni méjì ló wo báàgì náà.

Mo sọ gbogbo èyí fún bàbá yẹn lẹ́nu fèrèsé, bí kò tilẹ̀ gùn tó báyìí. Ó ní òun ti gbọ́. Ó wá bi mí pé kí ni kí òun máa ṣe báyìí. Mo ní kó lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ ni kò gbọ́dọ̀ mú ojú kúrò lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá so báàgì tuntun. Bó bá ní òtútù ń mú òun, tó ń gbọ̀n, tí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń dun òun, tí ara ń yún un, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí ọkàn rẹ̀ kàn ṣàdéédéé dàrú, kó pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, kó má dúró wò ó. Kó má sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn yọ. Nọ́ọ̀sì ni yóò tì í, yóò sì fi báàgì náà ránṣẹ́ padà sí wa ní láàbù bó ṣe wà, pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.